Owú Tí Mo Jẹ Láti Denton Dé Etí Òkun

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo wà ní kíṣìnnì mi ní Garland níbí, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan nǹkan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé: kọ́, kọ́, kọ́. Mo yọjú lójú fèrèsé. Aládùúgbò mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń pa àgọ́ sórí koríko wọn, wọ́n ń dán an wò kí wọ́n tó gbé e rin ìrìn àjò. Bàbá náà ń fi òòlù gbá èèkàn àgọ́ wọlẹ̀, àwọn ọmọ ń dù ú láti di okùn mú. Inú ẹlòmíràn ì bá dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ńṣe ni mo fi ẹ̀wà sílẹ̀, mo sì ti mọ ohun tó ń ṣe mí. Owú ni. Owú àtijọ́ ni, èyí tí mo rò pé ó ti kú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń sọ pé kí oníkálukú gbájú mọ́ tirẹ̀, pé owú kò dáa. Òótọ́ ni. Àwọn àgbà náà kúkú ti sọ ọ́ pé òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ṣùgbọ́n èmi jowú nígbà kan débi pé mo lè fi ìka tọ́ka sí gbogbo ibi tí mo ti jẹ ẹ́ lórí máàpù, láti Denton títí dé ibi tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti parí sínú òkun. Ẹ jẹ́ kí n mú yín gba ọ̀nà náà.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, bàbá mi ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Denton, ní ìpínlẹ̀ Texas, a sì ń gbé inú àpátímẹ́ǹtì kékeré kan tí wọ́n kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdílé. Èmi nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí. Ibẹ̀ ni mo gbọ́njú sí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ṣeré, òun náà ni mo fi ń sunkún. Mo ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń bá mi wí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi bá mi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dáhùn, kò sì sẹ́ni tó bá mi jà sí i. Mo gbà pé èmi ni ọba ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ni wọ́n ń rán káàkiri inú rẹ̀. "Lọ bá mi gbé bàtà mi." "Lọ wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn." "Pa rédíò yẹn." Bí mo bá ti wà nítòsí, bàbá mi kì í dìde.

Lẹ́yìn náà ni Mojí dé láti Abẹ́òkúta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ẹ̀gbọ́n tó tọ́ wọn dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n náà ló ní kí ọmọ òun wá gbé lọ́dọ̀ wa, kó máa lọ sílé ìwé níbí. Díẹ̀ ló fi jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí a lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú ní Dallas, ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ láàárín gbogbo èrò, bàbá mi sì bú sẹ́kún. Mi ò rí omi lójú bàbá mi rí títí di ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a wọ mọ́tò, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Àǹtí Mojí ni wàá máa pè é. O gbọ́?" Mo gbọ́. Ẹ má bínú pé mò ń sọ "ó" àti "rẹ̀" nípa rẹ̀ nínú ìtàn yìí; inú ìwé nìkan ni mo ti láyà bẹ́ẹ̀, lójú rẹ̀ títí dòní, mi ò tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi ìgbà ooru, bàbá mi ní ó ti sú àwọn láti máa gbé Amẹ́ríkà láìrí ju ilé ìkàwé lọ, pé a máa wakọ̀ lọ síwọ̀ oòrùn títí a ó fi rí òkun kejì, èyí tí kì í ṣe ti Èkó. Ọ̀rẹ́ wọn kan yá wọn ní àgọ́ aláwọ̀ ewé tó ń rùn bí àpò gaàrí tí òjò pa. Ó ṣàlàyé pé ibùdó wà káàkiri ojú ọ̀nà, tí èèyàn ti lè pa àgọ́ tirẹ̀, tí omi ẹ̀rọ wà, tí ilé ìwẹ̀ wà. Ìyá mi fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n wá bèèrè bóyá ìjà ló lé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kúrò nílé. Síbẹ̀ wọ́n di ìkòkò, wọ́n di sítóòfù, wọ́n di gaàrí àti ẹja gbígbẹ.

Ìjókòó iwájú mọ́tò, tèmi ni. Ẹ̀rù àwọn tírélà máa ń ba ìyá mi, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á sì dijú. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, mo dé ìdí mọ́tò, mo bá Mojí níwájú, ó ti de bẹ́líìtì. Mo wo bàbá mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn lo máa wà. Àlejò ni, jẹ́ kó ríran."

Ibùdó àkọ́kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amarillo, nínú àfonífojì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ́n roro. Mojí ní ilẹ̀ náà jọ tilé. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, wọ́n ní òótọ́ ni ṣá, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àdúgbò tí mi ò dé rí: Ìtòkò, Kútọ̀, Ìbarà, Aké. Èmi di èèkàn mú. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò gba ẹ̀bẹ̀. Bí a ti ń gbé apá kan àgọ́ ró ni apá kejì ń wó. "Di ibẹ̀ mú! Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ dà?" Èmi nìkan ni wọ́n ń pariwo mọ́. Mojí jókòó sórí àga tí bàbá mi tẹ́ fún un, ó káwọ́ sórí itan. Bó bá ti fẹ́ dìde kó wá bá wa di okùn, wọ́n á ní, "Jókòó, ìyá mi. O ò ní ṣe wàhálà." Ìyá mi! Torí pé ìyá rẹ̀ ló tọ́ wọn. Èmi tí mò ń jẹ yanrìn lẹ́nu níbẹ̀, kí ni wọ́n ń pè mí? Ìwọ ọmọ yìí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tí ìyá mi se ọbẹ̀ adìyẹ, ni ọ̀rọ̀ iwe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra adìyẹ tí wọ́n ti gé sínú páálí lè má mọ̀ pé bàbá ilé ló ni iwe. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn dù ú. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní ìwà kan: wọ́n á fi eyín gé tiwọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá na ìyókù sí mi láìwojú mi, bíi pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ nù. Wọn kò sọ fún mi rí pé àwọn fẹ́ràn mi. Iwe yẹn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n mú odindi rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ gé e, wọ́n gbé e sínú abọ́ Mojí. Mo ń wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi gbé e mì. Ọbẹ̀ tó wà nínú abọ́ mi kò dùn mọ́, mo sì jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ìbínú.

Ibùdó kejì wà lórí òkè ní New Mexico, láàárín igi gíga gíga, òtútù sì ń mú wa ní ìgbà tí Texas ń jó. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ igbó náà, tó dé akẹtẹ̀, wá kì wá nílọ̀ pé béárì wà níbẹ̀, pé kí a kó gbogbo oúnjẹ sínú àpótí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ìyá mi kó ìrẹsì, wọ́n kó búrẹ́dì, wọ́n kó ẹja. Irú nìkan ni wọn kò kó. Wọ́n ní irú kì í ṣe oúnjẹ, èròjà ọbẹ̀ ni, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú àgọ́, sábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì alákẹtẹ̀ náà padà wá. Ó dúró sí ẹnu àgọ́ wa, imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó wá bi bàbá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá nǹkan kan ti kú sínú ibẹ̀.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Mojí dìde, ó sín in jẹ fún ìyá mi: bó ṣe ń fín imú, bó ṣe ń fọwọ́ kan fìlà, ó wá fi Yorùbá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Omi ń dà lójú ìyá mi. Èmi náà ti rí ohun ẹ̀rín yẹn. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ rí i! Mo sọ tèmi ní Gẹ̀ẹ́sì, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Bàbá mi kàn ní kí n lọ fọ abọ́.

Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé màá sọ Yorùbá. Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ìfẹ́ àṣà ló mú kí n mọ èdè yìí tó báyìí. Wọ́n máa ń yìn mí fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ ni. Owú ló kọ́ mi. Mo dúró níwájú dígí ilé ìwẹ̀, mò ń tún ọ̀rọ̀ Mojí sọ bó ṣe sọ ọ́, mò ń ká ẹnu, mò ń là á. Màmá òyìnbó kan tó ń fọ eyín bi mí bóyá àdúrà ni mò ń gbà. Mo ní, "Yes, ma'am."

Ibùdó kẹta, ní Arizona, kì í ṣe inú igbó. Ẹ̀bá freeway ló wà, àwọn ọkọ̀ tó tóbi bí ilé tò síbẹ̀, omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà, ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. Ìyá mi ní àwọn tó ni ibí yìí ṣì mọ̀ pé èèyàn ni wá. Ọmọ òyìnbó kan tó bá wa ṣeré nínú omi gbọ́ tí mo pe Mojí ní àǹtí. "Wait, she's your aunt? She's, like, eleven." Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mojí ló dá a lóhùn: "I am senior to her." Ó sì rì sínú omi, kó má baà tún bèèrè mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo dán Yorùbá mi wò. Mo ti há a sórí láti òwúrọ̀. Nígbà tí gbogbo wa jókòó sídìí oúnjẹ, mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lómi." Bàbá mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Lọ bù ú. Bu tèmi náà bọ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú padà sí Mojí, tó ń sọ fún wọn nípa ẹran ọ̀sìn ẹnì kan ní Ìtòkò. Mo lọ bu omi. Mo bu ti gbogbo wọn, omi ojú mi ń bá a kán sílẹ̀.

A dé etí òkun ní California nígbẹ̀yìngbẹ́yín. Ibùdó ibẹ̀ wà lórí òkè kékeré kan, kùrukùru bo gbogbo rẹ̀, tí a fi ń gbọ́ òkun láìrí i. Ní àárọ̀, bàbá mi fẹ́ kí wọ́n gbé omi kaná, kẹ́ẹ̀gì sì ti gbẹ. Wọ́n pe orúkọ mi. Mo wà lẹ́yìn mọ́tò, mo sì dákẹ́. Wọ́n tún pè é. Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀: bí mi ò bá sí nílé ayé yìí, ta ni wọ́n máa rán? Ṣé wọ́n máa rán ìyá wọn kékeré tó jókòó sórí àga?

Bàbá mi fúnra wọn ni wọ́n dìde. Wọ́n na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì. Mojí sáré, ó di ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ mú. "Dádì, ẹ jẹ́ kí n lọ bù ú." "Rárá o, ìyá mi. Lọ jókòó." Ìgbà yẹn ni Mojí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, irú ẹkún tó ti pẹ́ nínú èèyàn. Ó ní kí ni òun ṣe? Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé, wọn kò rán òun níṣẹ́ kankan, wọn kò jágbe mọ́ òun, ìjókòó ni òun ń jókòó ṣáá. Ọmọ ilé ni wọ́n ń rán. Àlejò ni wọ́n ń gbé àga fún, àlejò ló sì máa ń lọ. "Ṣé ẹ fẹ́ dá mi padà ni?"

Èmi dúró lẹ́yìn mọ́tò, ẹnu mi là sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n kì í rán àlejò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wo iwe lẹ́nu rẹ̀, omi tí mò ń gbé ni òun ń wò lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi ló ní, láti ìdí sítóòfù, "Ẹ fún un ní kẹ́ẹ̀gì náà." Wọ́n sì fún un. Mojí nu ojú, ó lọ, ó pẹ́ kó tó dé, ara rẹ̀ rin gbingbin. Bàbá mi gbọ́ òórùn omi náà, wọ́n figbe ta: "Ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹja lo ti bu omi! Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ dà? Dà á nù! Padà lọ!" Mojí wo ojú wọn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi pé wọ́n fún un lẹ́bùn. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń sáré lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ibẹ̀ ni àánú rẹ̀ ti ṣe mí, ẹ ò mọ òjòwú. Ìwọ ọmọ yìí? Orúkọ tèmi! Ó ti gba iwájú mọ́tò, ó ti gba iwe, ó ti gba ẹ̀rín bàbá mi, ó tún fẹ́ gba igbe wọn. Mo jáde lẹ́yìn mọ́tò, mo lé e bá, mo di kẹ́ẹ̀gì mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ ara wa lọ́wọ́. "Fi sílẹ̀! Èmi ni Dádì mi ń rán níṣẹ́! Èmi ni! Kì í ṣe ìwọ!" Mo pariwo rẹ̀ tí àwọn tó wà nínú àgọ́ kejì fi yọrí.

"Èdè wo ló sọ yẹn?" Ìyá mi ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni, èyí tí mi ò há sórí.

Bàbá mi ń wò mí, wọ́n ń wò mí gan-an. Ẹnu wọn ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló fẹ́ rín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ bu omi náà kí ebi tó pa wá kú." A di kẹ́ẹ̀gì mú lọ́tùn-ún lósì, a kò bára wa sọ̀rọ̀ lọ, a kò bára wa sọ̀rọ̀ bọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú wa. Mi ò rántí ẹni tó jẹ iwe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà. Fóònù ni àwọn ọmọ fi ń gba àyè ní ibùdó báyìí, iná wà nínú àgọ́ wọn, íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń bá wọn dé inú igbó. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán wa, fóònù là ń rán báyìí. Bí mo bá sọ fún ọmọ mi pé kó lọ bá mi ra gaàrí, á ní, "Mom, just order it," kí n tó sọ̀rọ̀ tán gaàrí á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọrùn. Mo kàn máa ń rò ó nígbà mìíràn pé báwo ni ọmọ yìí ṣe máa mọ̀ pé tèmi ni òun.

Ìyá mi ti lọ sinmi. Bàbá mi ti di arúgbó, ọ̀dọ̀ Mojí ni wọ́n ń gbé, ní Frisco. Ilé tèmi ní Garland, àtẹ̀gùn ló kún un, orúnkún wọn kò sì gbà á mọ́. Mojí ní yàrá nísàlẹ̀ ilé ńlá rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ni. Mo ti wá ohun tí mo lè fi ta kò ó, mi ò rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Àǹtí Mojí yẹn mà dáa o, bí ọmọ bíbí inú ni wọ́n ṣe ń tọ́jú Dádì." Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, màá sì fi eyín nìkan rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ bíbí inú. Ọmọ bíbí inú náà mà rèé tó dúró níwájú yín.

Ní Wẹ́sídeè tó tẹ̀lé Sátidé yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, ni fóònù mi dún. Bàbá mi ni. Wọn kò kí mi. "Níbo lo wà? Èékánná ẹsẹ̀ mi ti gùn. Wá gé e."

Ní wákàtí yẹn, gbogbo ọkọ̀ Dallas ló wà lójú ọ̀nà Frisco. Mo gbọ́ ohùn Mojí lẹ́yìn wọn nínú fóònù náà: "Ah, Dádì, mo wà níbí now. Clipper yẹn wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gé e."

"Mi ò rán ẹ níṣẹ́," ni bàbá mi wí. "Jókòó."

Mo gbọ́ tí Mojí gbé clipper náà kalẹ̀: kọ́. Mo gbádùn ìró yẹn dáadáa. Mo ní, "Mò ń bọ̀, sà," mo sì sọ ọ́ sókè, kí Àǹtí Mojí lè gbọ́.